Àkọ̀ ni à ń kì: èsì lórí èdè-ìperí iṣẹ́ kátíríìjì àfọwọ́kì

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè,

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ lórí ìbéèrè arákùnrin wa tí ó ń túmọ̀ ìwé ìtọ́sọ́nà kan fún àwọn ọmọ Yorùbá tí ó ń gbé ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn kan nínú wọn ti ń bá àwọn aládùúgbò wọn lọ yìnbọn fún àwọn ẹranko kéékèèké tí ó ń gbẹ́ ihò sí pápá ẹran ọ̀sìn, tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ ara wọn to ọta tí wọ́n ń lò nílé. Ó fẹ́ mọ ohun tí a ó máa pe iṣẹ́ náà, àti ohun tí a ó máa pe ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ohun tí wọ́n ń tò. Ẹnìkan ti dá a lóhùn pé kí a pè é ní "rírọ ọta", nítorí pé alágbẹ̀dẹ ni ó ni irin. Ẹlòmíràn pe idẹ tí ẹ̀tù ń wà nínú rẹ̀ ní "èèpo ọta", ó sì pe ohun tí ń mú iná wá ní "ìṣáná". Alàgbà wa kan sì ní kí a lé "kátíríìjì", orúkọ odindi ohun tí a ń fi sínú ìbọn, jáde kúrò nínú èdè wa pátápátá, kí "ọta" máa dúró fún ohun gbogbo.

Èrò tèmi ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe tí à ń wá ti wà lẹ́nu ọdẹ wa tipẹ́tipẹ́. "Kì" ni. Ọdẹ tí ó ní ṣakabùlà a máa da ẹ̀tù sí ẹnu ìbọn, a fi ọ̀pá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, a sì kó ọta lé e lórí; gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ pé ó ki ìbọn rẹ̀. Ẹni tí ó jókòó ti tábìlì ní ìpínlẹ̀ Montana tàbí Wyoming náà ń da ẹ̀tù, ó ń tẹ nǹkan mọ́ nǹkan, ó ń fi ọta lé e lórí, ṣùgbọ́n kì í ṣe inú ìbọn ni ó ń ṣe é sí. Idẹ kékeré kan ni ó ń kì, ìbọn sì lè wà lórí ìkọ́ lára ògiri fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ lẹ́yìn náà. Iṣẹ́ kan náà ni. Ohun tí a ṣe é sí ni ó yàtọ̀. Nítorí náà ni mo ṣe dábàá "kátíríìjì àfọwọ́kì" fún ohun tí ó jáde láti inú iṣẹ́ yìí, bí a ti ń pe ìwé tí a fi ọwọ́ kọ ní àfọwọ́kọ, àti "àtúnkì" fún èyí tí a fi idẹ àlòkù kì. (Ẹnìkan ti fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pé "àfọwọ́kì" ń rán òun létí àfọwọ́rá. Kò burú, bí kò bá ti jí ẹ̀tù ẹlẹ́tù.) Ó yẹ kí olùtumọ̀ ṣọ́ra kí "kì" yìí má bàa dàpọ̀ mọ́ "kì í" tí a fi ń kọ nǹkan, síbẹ̀ gbólóhùn bíi "a kì í ki èyí tí ó ti sán" yé ẹni tí ó bá kà á sókè.

"Rírọ" kò bá a mu rárá. Kò sí iná, kò sí ewìrì, kò sí òòlù alágbẹ̀dẹ nínú iṣẹ́ yìí, ẹni tí ó sì ń ṣe é kì í sábà ṣe ọta fúnra rẹ̀. Ó ń rà á lọ́wọ́ iléeṣẹ́ bíi Hornady tí ó wà ní Grand Island ní ìpínlẹ̀ Nebraska. Ibì kan ṣoṣo ni ẹni tí ó dá àbá yìí ti lè rí ẹsẹ̀ fi múlẹ̀. Ní àsìkò Ogun Àgbáyé Kejì, tí ọta ṣọ̀wọ́n, Fred Huntington ti ìlú Oroville ní California ṣe irin tí a fi ń tẹ idẹ àlòkù kátíríìjì .22 títí tí yóò fi di awọ (ìbòrí) ọta tuntun. Ó dá iléeṣẹ́ RCBS sílẹ̀ ní 1943, lẹ́tà mẹ́rin yẹn sì dúró fún Rock Chuck Bullet Swage. "Rock chuck" jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹranko inú ihò tí wọ́n ń yìnbọn fún, èyí tí ó fi hàn pé orúkọ ẹranko ti wọ inú orúkọ irinṣẹ́ náà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí Huntington ṣe pàápàá, títẹ̀ ni, kì í ṣe rírọ.

Ní ti "kátíríìjì", mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ alàgbà wa, n kò lè bá wọn lé e. Àwọn ọdẹ wa tí ó ń lo ìbọn tí a ń ká láàárín ti ń pè é bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó ń bínú sí "tábìlì". Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé iṣẹ́ yìí kò ṣeé ṣàlàyé bí odindi àti ẹ̀yà bá ń jẹ́ orúkọ kan náà. Bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò bá ní "wọ́n bá ọta mẹ́wàá lọ́wọ́ rẹ̀", ó yé wa, kò sì ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ìwé ìtọ́sọ́nà bá ní "wọn ọta kí o tó kì í", èwo ni kí òǹkàwé wọ̀n, ṣé odindi ni tàbí èyí tí yóò fò lọ? Ẹ jẹ́ kí odindi máa jẹ́ kátíríìjì, kí ọta jẹ́ èyí tí ń fò jáde nìkan. Irú ọta tí wọ́n ń lò fún iṣẹ́ yìí ní awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ó lè fọ́ túútúú nígbà tí ó bá kan nǹkan, kí ó má baà ta padà kọjá lọ sí ilé ẹlòmíràn ní pápá gbalasa. Mo rò pé "ọta afọ́túútúú" yóò ṣe é.

Orúkọ kátíríìjì fúnra wọn kò gbọ́dọ̀ gba ìtumọ̀, mo sì rí i pé ẹnìkan ti ń gbìyànjú láti sọ wọ́n di ìwọ̀n. .222 Remington tí ó jáde ní 1950, .223 Remington ti 1964, .220 Swift tí Winchester gbé jáde ní 1935, tí ọta rẹ̀ ń sáré ju 4,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àti .22-250: ọta tí ó ní ìbú 0.224 íǹṣì ni gbogbo wọn ń yìn. Nọ́ńbà yẹn ti di orúkọ lásán. 250 tí ó wà lẹ́yìn .22-250 ń tọ́ka sí .250 Savage, kátíríìjì àgbà tí wọ́n fún ọrùn rẹ̀ pọ̀ láti fi bí i. Àwọn ènìyàn ń ṣe é fúnra wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí iléeṣẹ́ Remington tó gbà á sílé ní 1965. Irú kátíríìjì tí iléeṣẹ́ kankan kò tíì gbà báyìí ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi orúkọ ológbò igbó pè, ẹnìkan sì ti túmọ̀ rẹ̀ sí "ológìnní igbó" fún wa níhìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ológìnní wọ inú ìwé ìbọn. "Kátíríìjì àdáṣe" tó.

Ó wá kan idẹ, níbi tí mo ti ní ohun tí ó pọ̀ jù láti sọ. "Èèpo" kò dára, nítorí pé èèpo ni ohun tí a ń bó dànù kí a tó jẹ ohun tí ó wà nínú. Fún ẹni tí ó ń ra kátíríìjì lọ́jà, tí ó ń yìn ín tán tí ó sì ń fi idẹ rẹ̀ sílẹ̀ nínú koríko, èèpo ni lóòótọ́. Fún ẹni tí ń fọwọ́ kì í, idẹ yẹn gan-an ni ọrọ̀: òun ni ó máa ń ṣà, tí ó ń fọ̀, tí ó ń tò sínú àpótí, tí yóò sì tún lò ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Àkọ̀ ni mo fẹ́ kí a pè é, bí àkọ̀ idà, ohun tí ó kù sọ́wọ́ nígbà tí èyí tí ń ṣe ọṣẹ́ bá ti jáde. Òwe wa sì ti sọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí i: idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Ní ìgbàkígbà tí ìbọn bá dún, àkọ̀ a wú títí yóò fi kún inú ihò ìbọn. A óò fún un padà sí ìwọ̀n rẹ̀. Ọrùn rẹ̀ a sì máa le sí i títí yóò fi sán. Àwọn kan a máa fi iná mú ọrùn rẹ̀ rọ̀ kí ó lè pẹ́.

Àkọ̀ ní ẹnu, ó ní ọrùn, ó ní èjìká, ó ní ara. Títí dé ibẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá ń rìn pọ̀. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì wá pe ìsàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí a kọ orúkọ iléeṣẹ́ sí, ní "orí", mo sì rí i nínú àwọn àbá tí ẹ fi ránṣẹ́ pé "orí àkọ̀" ti ń yọjú. Ta ni ó rí ohun tí ẹnu àti ọrùn rẹ̀ wà lókè, tí orí rẹ̀ wá wà ní ìdí? Ìdí àkọ̀ ni. Àṣìtumọ̀ yìí léwu, nítorí pé àlàfo tí ó wà láàárín ìdí àkọ̀ àti irin tí ó dì í mú lẹ́yìn jẹ́ ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́. Bí a bá pè é ní "àlàfo orí", òǹkàwé yóò máa wò ó ní apá ibi tí ọta wà. Fún .22 Hornet, tí ó ti wà lọ́jà láti 1930, etí tí ó yọ níta ìdí rẹ̀ ni ó ń dá a dúró nínú ihò ìbọn. Èjìká ni ó ń dá .223 dúró. "Etí" bá a mu gẹ́gẹ́ bí etí ìkòkò ti rí.

"Ìṣáná" kò lè dúró fún ohun tí ń mú iná wá. Gbogbo ìwé ìtọ́sọ́nà ni ó ń kìlọ̀ pé kí a má ṣe mú ìṣáná sún mọ́ ẹ̀tù. Bí ojú ìwé kejì bá wá ní kí a fi ìṣáná sí ìdí àkọ̀, kí ni òǹkàwé yóò ṣe? Mo dábàá "aṣáná", nítorí pé òun ni irin ìbọn ń lù tí ó sì ń ṣá iná fúnra rẹ̀. Orúkọ tí a fún un yìí tún ràn wá lọ́wọ́ níbòmíràn. Àwọn kátíríìjì bíi .22 Long Rifle ti 1887 àti .17 HMR ti 2002 ní aṣáná tí a pò mọ́ inú etí wọn, a kò sì lè fi ọwọ́ tún un kì. A lè pe ìwọ̀nyí ní "aláṣáná-etí", kí àwọn tó kù jẹ́ "aláṣáná-ìdí". Nínú àwọn aláṣáná-ìdí, irú ti Boxer, ará Gẹ̀ẹ́sì, ní ihò iná kan ṣoṣo láàárín, nítorí náà ọ̀pá tín-ínrín lè ti aṣáná àlòkù jáde láti inú àkọ̀. Irú ti Berdan, ará Amẹ́ríkà, sábà máa ń ní ihò méjì, ọ̀pá kò sì rí ọ̀nà. Ohun tí ó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ti ará Gẹ̀ẹ́sì ni Amẹ́ríkà ń lò, tí àwọn ará Yúróòpù sì mú ti ará Amẹ́ríkà.

Lórí ẹ̀tù, mo bẹ̀ yín kí a má ṣe fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní ìhòòhò. Ẹ̀kínní, ẹ fi àmì sí i, nítorí pé ọdẹ tí ó fi ẹ̀tù pa ẹtu yàtọ̀ sí ẹni tí ó fi pa ẹtù. Èkejì wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀tù tí àwọn ọdẹ wa mọ̀ jẹ́ ti èédú, imí-ọjọ́ àti iyọ̀ òyìnbó tí ń mú iná ràn, ọwọ́ àti ojú sì ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń wọ̀n ọ́n. Èyí tí ó wà nínú kátíríìjì òde òní jẹ́ ìran èyí tí Paul Vieille ṣe ní Faransé ní 1884, agbára rẹ̀ sì pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ débi pé bí ẹnikẹ́ni bá fi ojú wọ̀n ọ́n sínú ṣakabùlà, ìbọn náà lè bẹ́ mọ́ ọn lójú. Ẹni tí ó dábàá "ẹ̀tù funfun" kò ràn wá lọ́wọ́, nítorí pé wọ́n sábà máa ń fi lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsù́lù ra á lára, àwọ̀ eérú tàbí dúdú ni ó sì ń ní. Ọdẹ tí ó bá rí i yóò rò pé èyí tí òun mọ̀ ni. "Ẹ̀tù aláìléèéfín" ni kí a kọ ní gbogbo ibi tí ó bá ti jẹ yọ, bí ó tilẹ̀ gùn.

Ohun tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n ni gíréènì, tí 7,000 rẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn kan. "Wóró" tí àwọn kan fẹ́ lò dùn létí, orísun ọ̀rọ̀ náà sì ni wóró ọkà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀tù aláìléèéfín fúnra rẹ̀ jẹ́ wóró wóró, ẹni tí a bá sì sọ iye wóró fún lè bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n. Kí ó máa jẹ́ gíréènì.

Ó ku ẹranko. "Òkété" tí ẹnìkan dá lábàá kò tọ́ nítorí pé ẹran jíjẹ ni òkété lójú ọdẹ wa, ẹbí ọ̀kẹ́rẹ́ sì ni àwọn tí à ń sọ yìí, títí kan èyí tí wọ́n ń pè ní ajá pápá nítorí igbe rẹ̀. "Ajẹnirun", tí a ti mọ̀ lára kòkòrò inú oko, ni ó sún mọ́ ọn jù. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí à ń túmọ̀, "varmint", kì í ṣe orúkọ ẹ̀yà ẹranko kan; ẹjọ́ tí ènìyàn dá fún ẹranko ni. Ajá pápá tí olówó màlúù ń pè ní ajẹnirun ni oúnjẹ tí ẹranko kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú (black-footed ferret) fi ń gbé ayé, èyí tí wọ́n ti rò pé ó ti parẹ́ kí wọ́n tó tún rí i nítòsí Meeteetse ní Wyoming ní 1981. Nítorí náà, kí olùtumọ̀ kọ "ẹranko tí àwọn àgbẹ̀ kà sí ajẹnirun" nígbà àkọ́kọ́, kí ó sì gé e kúrú lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe kọ "ìbọn ajẹnirun", èyí tí yóò dà bí ìbọn tí ó ń jẹ ènìyàn run; "ìbọn ìpa-ajẹnirun" ni.

Mo fi orúkọ irin oníhò tí a fi ń fún àkọ̀ padà sí ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nídìí iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ. "Irin ìfún" ni mo ń kọ nísinsìnyí, n óò sì yí i padà bí ẹ bá ní èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń lò lóòótọ́.