Bí Ọlọ́run ló fi ọba jẹ, ta ló láṣẹ láti bẹ́ orí Charles Kìíní?

Ará Ìtòkú:
Ẹ kú ilé o. Ìtàn àgbáyé ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ níbí ní Abẹ́òkúta, ìbéèrè ọmọbìnrin kan kò sì jẹ́ kí n sinmi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo sọ fún wọn pé ní ọdún 1610, James Kìíní, ọba Gẹ̀ẹ́sì, sọ níwájú Páálímẹ́ǹtì pé aṣojú Ọlọ́run láyé ni ọba, àti pé orí ìtẹ́ Ọlọ́run ni ó jókòó sí. Ọmọ náà ní, "Tíṣà, ṣebí ọmọ ọba yẹn náà ni wọ́n bẹ́ lórí ní 1649? Ṣé wọn kò bẹ̀rù Ọlọ́run mọ́ ni?" Èsì tí mo fún un kò tẹ́ èmi gan-an lọ́rùn.

Ará Kútọ̀:
Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Wọ́n bẹ̀rù Ọlọ́run; ọ̀pọ̀ nínú wọn tilẹ̀ gbà pé Ọlọ́run ló ń béèrè ẹ̀jẹ̀ tí Charles ta sílẹ̀ nínú ogun tó bá Páálímẹ́ǹtì jà. Òróró nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń jọba lọ́hùn-ún. Kí bíṣọ́ọ̀bù àgbà tó ta òróró sí ọba lórí, ọba á ti búra pé òun yóò pa òfin ilẹ̀ mọ́. Nínú Magna Carta, ìwé àdéhùn tí Ọba John fi èdìdì lù ní Runnymede ní 1215, ìjòyè 25 ni wọ́n fún láṣẹ láti gba ilé olódi àti ilẹ̀ ọba bí ó bá yẹ àdéhùn. Ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n ń bá du àṣẹ ni James sọ: Póòpù ti kéde ní 1570 pé òun yọ Elizabeth Kìíní, ọba Gẹ̀ẹ́sì tó ṣáájú James, lórí oyè, nítorí náà Róòmù wà lára àwọn tí James ń bá wí, kì í ṣe àwọn ará ilé nìkan.

Owó ló gbé ọ̀rọ̀ Charles dé gbangba. Ó gbà ní 1628 pé òun kò ní bu owó orí láìjẹ́ pé Páálímẹ́ǹtì fọwọ́ sí i; nígbà tó di 1629, ó tú wọn ká, ó sì dá nìkan ṣàkóso fún ọdún 11, tó ń gba owó ọkọ̀ ogun lọ́wọ́ àwọn tí kò gbé etí òkun rí. Síbẹ̀, ìbéèrè tó bi àwọn adájọ́ rẹ̀, pé àṣẹ wo ni wọ́n fi pe òun lẹ́jọ́, ṣòro dáhùn, nítorí kò sí ilé ẹjọ́ kankan nínú òfin Gẹ̀ẹ́sì tó wà fún ọba. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá èyí tó dá a lẹ́jọ́ sílẹ̀ ni.

Ìyá Ìjẹmọ̀:
Ibẹ̀ gan-an ni kí a dúró sí, ẹ̀yin ọmọ mi. Àwa náà ń kí ọba ní Kábíyèsí, Aláṣẹ èkejì òrìṣà, ọ̀rọ̀ tí kò jìnnà sí ti James. Ṣùgbọ́n ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, bí Ọ̀yọ́mèsì bá kọ Aláàfin, ó di dandan kí ó ṣígbá wò, ìyẹn ni pé kí ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ọ̀nà náà le, àmọ́ gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n kí ọba tó gorí oyè. Ogun abẹ́lé ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ jà láti 1642 kí wọ́n tó rí tiwọn. Nílé wa níbí, Aláké Adémọ́lá Kejì fi oyè sílẹ̀ ní 1949, ọdún 300 lẹ́yìn Charles, nítorí pé àwọn obìnrin tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú kọ owó orí. Ó padà sórí ìtẹ́ ní 1950. Ọ̀ràn owó orí kan náà ni, ẹ sì wo bí ó ṣe parí.

Ará Ìjàyè:
Ẹ fi Faransé kún un. Louis Kẹrìnlá tí gbogbo ayé ń pè ní ọba tí apá kò ká, ìwé ìhágún tó kọ sílẹ̀ ni ilé ẹjọ́ gíga Paris wọ́gi lé ní 1715, kété lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ará Ìtòkú:
Mo dúpẹ́ púpọ̀, Mà, àti ẹ̀yin yòókù. Láti orí ìbúra ni n ó ti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni yóò sì ka ìbéèrè Charles sókè kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá a lóhùn.