Ìrírí Wa Nínú Fífi Ètò Ìpèsè Iṣẹ́ Àgbègbè Kan Wé Òmíràn ní Yúróòpù

Láti Jámánì

Ẹ̀yin ará, níwọ̀n ìgbà tí a ti gbà pé kí oníkálùkù tí iṣẹ́ rẹ̀ kan ètò ìpèsè iṣẹ́ sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, èmi ni n ó ṣíde, nítorí àṣìṣe tèmi kò kéré.

Olùrànlọ́wọ́ ni mo jẹ́ ní ilé ìwádìí kan ní Jámánì nígbà náà. Ọ̀gá mi ní kí n mú nǹkan bí ogójì àgbègbè ní orílẹ̀-èdè mẹ́rin, kí n wo iye àwọn tí kò ríṣẹ́ níbẹ̀, kí n wo owó tí wọ́n ná lórí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti lórí ìrànwọ́ fún àwọn agbanisíṣẹ́, kí n sì tò wọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí olùkọ́ ṣe ń to ipò àwọn ọmọ kíláàsì. Lójú mi, iṣẹ́ náà rọrùn bí ẹni jẹ̀kọ. Ọ̀pọ̀ iye tí mo nílò wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ Eurostat, ọ́fíìsì ìṣirò ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù (EU), ọ̀fẹ́ sì ni. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta mo ti ṣe àtẹ mi tán, mo fi àwọ̀ ewé kun àwọn àgbègbè tó ń ṣe dáadáa, mo sì fi pupa kun àwọn tó kùnà.

Ohun tí n kò bèèrè ni pé, ta ni wọ́n ń pè ní aláìríṣẹ́? Ìtumọ̀ tí ILO, àjọ àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, fi lélẹ̀ ni Eurostat ń lò. Ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ owó fún wákàtí kan péré nínú ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń bèèrè nípa rẹ̀, oníṣẹ́ ni wọ́n kà á sí. Kí wọ́n tó lè ka ẹnìkan mọ́ aláìríṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ ti wá iṣẹ́ kiri láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó kọjá, kí ó sì lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ́fíìsì ìpèsè iṣẹ́ ti Jámánì kò wò ó bẹ́ẹ̀, nítorí lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tó wákàtí 15 lọ́sẹ̀ ṣì lè forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí aláìríṣẹ́. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì fún wákàtí mẹ́wàá lọ́sẹ̀ á wá di oníṣẹ́ nínú ìwé kan, á di aláìríṣẹ́ nínú ìkejì, obìnrin kan náà sì ni, ìgbálẹ̀ kan náà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí pé mo fẹ́ iye àwọn ìlú kéékèèké ní Jámánì, mo lọ mú tiwọn láti inú ìwé ọ́fíìsì ìpèsè iṣẹ́, mo sì mú ti àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́ta yòókù láti ọ̀dọ̀ Eurostat. Mo fi ìwọ̀n méjì wọn ẹrù kan.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ lásán nìyẹn, kí ó rántí oṣù kìíní ọdún 2005. Oṣù náà ni òfin tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí Hartz IV bẹ̀rẹ̀, tí ó da owó ìrànwọ́ aláìríṣẹ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́ pọ̀ mọ́ owó ìrànwọ́ tí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ń san fún àwọn tí ọwọ́ wọn kò tó ẹnu. Àwọn tó lè ṣiṣẹ́ nínú àwọn tó ń gba owó kejì yìí, tí ọ̀pọ̀ wọn kò sí nínú ìwé aláìríṣẹ́ tẹ́lẹ̀, di ẹni tí wọ́n ń kà. Iye tí wọ́n kéde fún oṣù náà kọjá mílíọ̀nù márùn-ún. Òtútù wà lára ohun tó fà á lóòótọ́, nítorí iṣẹ́ ilé kíkọ́ àti iṣẹ́ oko máa ń dáwọ́ dúró nígbà náà, ṣùgbọ́n apá kan nínú àwọn ènìyàn yẹn ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Ìwé ni kò rí wọn.

Ìlú kékeré kan ní ìlà-oòrùn Jámánì, tí mo fi pupa kùn, ni ọ̀gá mi rán mi lọ. Ìyá kan tí ó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì ló gbà mí lálejò ní ọ́fíìsì ìpèsè iṣẹ́ wọn. Ó bu kọfí fún mi, ó wo àtẹ mi fún ìgbà pípẹ́, ó wá ní, “Ta lo fi wá wé?” Mo tọ́ka sí àgbègbè kan ní Bavaria, ìpínlẹ̀ ọlọ́rọ̀ ní gúúsù Jámánì. Kò bínú. Ó kàn ní kí n má tíì padà sílé, kí n sùn síbẹ̀ di ọjọ́ Ajé.

Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ọjọ́ Ajé, ó fi ọkọ̀ gbé mi lọ sí ibi ìgbọ́kọ̀sí kan lẹ́bàá òpópónà márosẹ̀. Òkùnkùn ṣì bolẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ti kún. Bọ́ọ̀sì kéékèèké wà níbẹ̀, àwọn ọkùnrin tó gbé báàgì aṣọ àti ike oúnjẹ dání ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn kò sì sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n ń lọ ṣiṣẹ́, wọn yóò sì padà wálé ní ọjọ́ Ẹtì. Ìyá náà bi mí pé, “Àwọn yìí, ibo lo kọ wọ́n sí?” Ẹnu mi wọhò. Ibi tí ènìyàn ń gbé ni ìwádìí àwọn òṣìṣẹ́ máa ń kà á sí, nítorí náà oníṣẹ́ ìlú yẹn ni gbogbo wọn nínú ìwé, bẹ́ẹ̀ ìlú náà kò ní iṣẹ́ kan tó fún wọn. Àwọn ọ̀dọ́ tó ti kó lọ pátápátá kò tilẹ̀ sí nínú ìwé rárá mọ́. Bí wọ́n ṣe ń lọ ni iye aláìríṣẹ́ ń lọ sílẹ̀, ẹni tó bá sì jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní ọ̀nà jínjìn lè rò pé ètò ìjọba ló ń ṣiṣẹ́ ribiribi.

Òun náà ló sọ fún mi pé àwọn ọ̀gá tiwọn kì í fi ọ́fíìsì rẹ̀ wé ti Bavaria. Àwọn onímọ̀ ní ilé ìwádìí IAB ní Nuremberg ti pín àwọn ọ́fíìsì sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ gẹ́gẹ́ bí ọjà iṣẹ́ àdúgbò kọ̀ọ̀kan ṣe rí, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ipò rẹ̀ jọ tìrẹ ni wọ́n ń fi ọ́ wé. Nínú ọ̀wọ́ tiwọn, ọ́fíìsì rẹ̀ wà lára àwọn tó ṣáájú. Ojú tì mí fún àwọ̀ pupa yẹn.

Láti Brussels

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ibi ìgbọ́kọ̀sí tí ẹ sọ yẹn rán mi létí ibùdó ọkọ̀ ojú irin Brussels-Central ní aago mẹ́jọ àárọ̀, àmọ́ òdìkejì ni tiwa, nítorí pé wíwọlé ni àwọn ènìyàn ń wọlé. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó wà ní Brussels, iye tó súnmọ́ ìdajì, ló wà lọ́wọ́ àwọn tí ilé wọn wà ní Flanders tàbí Wallonia, àgbègbè méjì yòókù ní Bẹ́ljíọ̀mù. Ọrọ̀ tí wọ́n ń pèsè wà ní Brussels nínú ìṣirò, ṣùgbọ́n oníṣẹ́ ibòmíràn ni wọ́n. Ìdí nìyẹn tí Brussels fi dà bí ọlọ́rọ̀ nínú àtẹ kan, tí ó sì dà bí aláìní nínú òmíràn. Àwọn ààlà NUTS, èyí tí Eurostat fi ń pín Yúróòpù sí àgbègbè àgbègbè fún ìṣirò, ti ìjọba ni, bẹ́ẹ̀ iye ènìyàn ni òfin fi ń díwọ̀n wọn: ní ìpíndọ́gba, iye ènìyàn àwọn àgbègbè tí wọ́n ń pè ní NUTS 2 yẹ kó wà láàárín 800,000 sí mílíọ̀nù mẹ́ta. Kò sí ẹni tó bèèrè ibi tí àwọn ènìyàn ń jí lọ ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n fa ọ̀pọ̀ ààlà wọ̀nyẹn.

Olùgbani-nímọ̀ràn fún àwọn tó ń wáṣẹ́ ni mí. Ní Bẹ́ljíọ̀mù, Actiris ló ń bójú tó àwọn tó ń wáṣẹ́ ní Brussels, VDAB ní Flanders, Forem ní Wallonia. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Togo kan wà lọ́dọ̀ mi tó ń gbé ní Molenbeek ní Brussels, tí kò gbọ́ ju Faransé àti Ewé lọ. Owó Brussels ni a fi kọ́ ọ ní èdè Dutch fún oṣù mẹ́jọ. Ó ríṣẹ́ ìdí ẹrù ní pápákọ̀ òfuurufú Zaventem, ilẹ̀ Flanders sì ni ibẹ̀ wà. Inú wa dùn, a kọ ọ́ sílẹ̀ pé ètò wa so èso. Kò pé ọdún kan tó fi kó lọ sí Vilvoorde, ní Flanders kan náà, nítorí owó ilé, ó sì súnmọ́ ibi iṣẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, oníṣẹ́ Flanders ni. Owó tí Brussels ná ṣì wà ní abala ìnáwó Brussels, èrè rẹ̀ ti bá a kó ẹrù lọ. Mo mọ irú rẹ̀ mẹ́fà tàbí méje láàárín àwọn tó gba ọwọ́ mi kọjá nìkan. Ẹni tó bá fi owó tí a ná wé iye oníṣẹ́ tó kù ní Brussels yóò sọ pé a ń fi owó ṣòfò.

Láti London

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Tèmi kò gùn. Iléeṣẹ́ aládàáni kan tó gba iṣẹ́ lábẹ́ ètò Work Programme ni mo bá ṣiṣẹ́ ní gúúsù London, ètò tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ní 2011 láti bá àwọn aláìríṣẹ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́ wáṣẹ́, tí wọn kò sì fi ẹni tuntun sínú rẹ̀ mọ́ láti oṣù kẹrin 2017. Èyí tó pọ̀ jù nínú owó tí ìjọba ń san fún iléeṣẹ́ náà kì í wọlé àfi bí ẹni tó ríṣẹ́ bá pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tó oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́fà, gẹ́gẹ́ bí irú ẹni tó jẹ́. Oṣooṣù ni wọ́n ń fi ọ́fíìsì wa wé àwọn yòókù.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa ni pé a mọ ẹni tí yóò ríṣẹ́ láìsí wa, àwọn náà sì ni a ń pè lórí fóònù lójoojúmọ́. Ìyá Ìjẹ̀bú kan wà ní Peckham tí orókún ń dùn, tó ti ń gbálẹ̀ ilé ìwòsàn fún ọdún mọ́kàndínlógún kí iṣẹ́ náà tó bọ́. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni mo ń rí i, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ó lè buwọ́ lùwé. Ó máa ń pè mí ní ọmọ mi, ó sì máa ń bi mí bóyá nǹkan ti wà. Orúkọ rẹ̀ kò ba ipò wa jẹ́ púpọ̀, nítorí pé gbogbo ọ́fíìsì ló ní irú rẹ̀. A gba ipò kejì ní oṣù kan, ọ̀gá ra àkàrà òyìnbó fún wa, n kò sì lè jẹ tèmi.

Ìdáhùn láti Jámánì

Àbúrò mi, má bínú, o ṣe dáadáa bí o ṣe sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ ni ó mú mi rántí ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Faransé, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2013. Àwọn olùwádìí náà mú àdúgbò 235 tí ọ́fíìsì ìpèsè iṣẹ́ pín sí, wọ́n sì fi ìbò pinnu iye tí wọn yóò ràn lọ́wọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tó kàwé tí wọn kò sì ríṣẹ́. Níbì kan, kò sí ẹnì kankan. Níbòmíràn, ìdá mẹ́rin kan, ìdajì, ìdá mẹ́rin mẹ́ta, tàbí gbogbo wọn pátá. Wọ́n wá rí i pé àwọn tí wọ́n ràn lọ́wọ́ tètè ríṣẹ́ ju àwọn tí wọn kò ràn lọ́wọ́ ní àdúgbò kan náà, ṣùgbọ́n apá kan nínú ohun tó fà á ni pé wọ́n gba ipò mọ́ àwọn wọ̀nyẹn lọ́wọ́, pàápàá níbi tí iṣẹ́ ti ṣọ̀wọ́n. Èrè náà kò sì pẹ́ tó fi ń parẹ́. Ká ní àdúgbò kan ṣoṣo ni wọ́n wò, wọn ì bá ti kọ ọ́ pé ètò náà ṣe bẹbẹ. Ìyẹn ni mo fi ń sọ pé ipò kejì yín yẹn, kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ ta ni ẹ ti gbà á.

Mo tún àtẹ mi ṣe. Mo yọ àwọ̀ kúrò, mo lo ìtumọ̀ kan fún gbogbo wọn, èyí tó mú kí n pàdánù iye àwọn ìlú kéékèèké wọ̀nyẹn, mo sì fi òpó méjì kún un: iye àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ìta àgbègbè wọn, àti iye àwọn tó kó jáde lọ́dọọdún. Mo fi ránṣẹ́ sí ìyá yẹn. Ó fèsì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan pé òpó tuntun náà dára, ṣùgbọ́n kí n fura, nítorí pé bọ́ọ̀sì ìdájí ọjọ́ Ajé ti dín ní méjì láti ìgbà tí mo ti wá. Àwọn tó ń wọ̀ wọ́n ti rí ilé gbà ní Stuttgart, ní ìwọ̀-oòrùn lọ́hùn-ún.