Wọ́n fẹ́ kí ìyá mi tẹ̀ka sí ìwé tí wọn ò lè kà

Olùbéèrè: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Màmá mi ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Àìsàn rọpárọsẹ̀ ò jẹ́ kí wọ́n lè sọ̀ kalẹ̀ nílé wọn ní Mushin mọ́. Owó gàrí tí wọ́n tà ni wọ́n fi kọ́ ilé ọ̀hún. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn gbé ìwé kan wá, ó ní òun fẹ́ bá wọn gba ìwé ilé lọ́wọ́ ìjọba, kí wọ́n ṣáà tẹ àtàǹpàkò sí i. Sátidé ló ń padà bọ̀. Màmá ò mọ̀wé, Ìbàdàn ni mo wà, kò sì sówó lọ́yà.

Ìyá Ìbejì: Ẹ pè wọ́n báyìí! Kí wọ́n má tẹ nǹkan kan. Kó fi ìwé náà sílẹ̀ kí ẹ kà á. Tó bá jẹ́ oore ló fẹ́ ṣe, kò ní bínú.

Akọ̀wé Kóòtù: Òfin kan wà tí wọ́n ń pè ní Illiterates Protection Law. Ẹni tó bá kọ̀wé fún ẹni tí kò mọ̀wé gbọ́dọ̀ kà á sí i létí, kó sì là á yé e kó tó tẹ̀ka. Ó tún gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sínú ìwé náà. Ní ti lọ́yà, Office of the Public Defender ti ìjọba Èkó kì í gbowó lọ́wọ́ aláìní. Legal Aid Council ti ìjọba àpapọ̀ náà wà fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un ò ju owó oṣù tó kéré jù lọ, èyí tó di ₦70,000 lọ́dún 2024.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an. Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe máa dé ọ́fíìsì?

Akọ̀wé Kóòtù: Kí ẹnì kan lọ ṣojú wọn. Kó mú ẹ̀dà ìwé ilé dání, kó fi ojúlówó sílẹ̀ nílé, kó sì mú ìwé dókítà lọ. Kó bẹ̀ wọ́n kí lọ́yà wá bá màmá nílé. Tó bá dé, ẹ jọ̀ọ́, kí gbogbo yín jáde nínú yàrá. Màmá ló ń ṣojú fún, kì í ṣe ẹ̀yin ọmọ. Ohun tí wọ́n fẹ́ lè yàtọ̀ sí ti yín, ilé wọn sì ni.

Ọmọ Mushin: Citizens' Mediation Centre náà ń bá èèyàn parí ìjà lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹbí má bàa tú ká.

Ìyá Ìbejì: Ìyẹn dáa, àmọ́ kí lọ́yà kọ́kọ́ ka ìwé yẹn ná.

Olùbéèrè: Mo ti pè wọ́n, wọ́n ní àwọn ò ní tẹ̀ ẹ́. Àbúrò mi máa lọ sí Public Defender ní Mọ́ńdè. Ta ló lè bá wa jókòó ti màmá ní Sátidé?

Ọmọ Mushin: Ìdí-Oró ni mo wà. Ẹ kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀, èmi àti ìyàwó mi á ti débẹ̀ láàárọ̀.