Báwo ni a ṣe ń kọ́ òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn láti kojú ìkọlù?
Ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn, mo ń tọrọ ìmọ̀ràn. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọlu ìjọ Àgùdà kan ní Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022 ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn. Lóṣù tó kọjá, ó kàn wá: àwọn ẹbí aláìsàn kan tó kú kó igi ya wọ wọ́ọ̀dù lóru, kẹ̀kẹ́ aláìsàn dí ẹnu ọ̀nà, ẹ̀ṣọ́ sì ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe ìdánrawò irú rẹ̀ rí, ṣé ilẹ̀kùn ni kí nọ́ọ̀sì mẹ́ta péré kọ́kọ́ tì ni, àbí aláìsàn ni kí wọ́n kó jáde? Ṣé ẹ máa ń pe àwọn agbálẹ̀ náà sí i?