Ìgbà òtútù nínú Forza Horizon 5: báwo ni mo ṣe lè tètè kó máàkì 40?

Ọmọ Kabba béèrè:

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Àwọn iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ tí ó wà nínú Festival Playlist, àkójọ iṣẹ́ tí a fi ń kó máàkì nínú eré fídíò ọkọ̀ sísáré tí ń jẹ́ Forza Horizon 5, wọ ìgbà òtútù, èyí tí wọ́n kọ Winter sí lára, ní Ọjọ́bọ̀ tí ó kọjá, mo sì rò pé orí yìnyín ni a óò ti máa sáré gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú Forza Horizon 4, níbi tí adágún Derwentwater ti máa ń dì gbagidi débi pé ènìyàn lè wa ọkọ̀ gba orí rẹ̀ kọjá. Nítorí èyí ni mo ṣe de táyà yìnyín mọ́ ọkọ̀ mi ti ìpele A (ìpele agbára ọkọ̀). Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, títì ọlọ́dà gbígbẹ ni mo bá pàdé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọkọ̀ náà sì ń yọ̀ ní gbogbo kọ́nà bí ẹni tí ó tẹ ọṣẹ mọ́lẹ̀. Ipò kẹjọ ni mo gbà. Wákàtí méjì péré ni mo máa ń rí iná lò lálẹ́, mo sì fẹ́ gba ọkọ̀ méjèèjì tí wọ́n ń fúnni, ti máàkì 20 àti ti máàkì 40. Kí ni kí n kọ́kọ́ dojú kọ?

Ẹ̀gbọ́n Ìsánlú dáhùn:

Àbúrò, pẹ̀lẹ́ o. Táyà ni ó jẹ ọ́ níyà, kì í ṣe ọwọ́ rẹ. Ilẹ̀ àwọn Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ni Forza Horizon 4 ti ń ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n Mexico ni a wà báyìí, ohun tí wọ́n sì pè ní ìgbà òtútù níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí ọyẹ́ tiwa: ilẹ̀ gbẹ, ekuru ń lálá, òjò kò sí. Bọ́ táyà yìnyín yẹn kúrò. Kí o tó yan ọkọ̀, wo àmì eré náà lórí máàpù, kí o mọ̀ bóyá títì ọlọ́dà ni, tàbí ojú ọ̀nà eléruku, tàbí inú igbó. Táyà rally ni èmi máa ń lò fún ojú ọ̀nà eléruku.

Ní ti máàkì, jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ìdíje ìgbà kọ̀ọ̀kan ní máàkì 5, iṣẹ́ Forzathon ti ọ̀sẹ̀ náà ní 5. Bí ìdíje bá jẹ́ mẹ́ta, tí o sì ṣe Forzathon parí, 20 ti pé, ọkọ̀ àkọ́kọ́ ti di tìrẹ. Eré mẹ́ta ni ó wà nínú ìdíje kan, àròpọ̀ máàkì eré mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n sì fi ń mọ ẹni tí ó borí, nítorí náà, bí o bá ti gba ipò kìíní nínú méjì àkọ́kọ́, má ṣe pa ara rẹ lórí ẹ̀kẹta. Àwọn Drivatar (awakọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń darí) tí ìwọ yóò bá díje kò gbọdọ̀ rọrùn ju ìpele Highly Skilled lọ, ṣùgbọ́n o lè dá àkókò eré padà sẹ́yìn (rewind) nígbà tí o bá ṣìnà, ojú kò sì ní tì ọ́, nítorí ìwọ nìkan ni ó mọ̀.

Forzathon ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fi àkókò ṣòfò. Orí mẹ́rin ni, wọ́n sì gbọdọ̀ tẹ̀ lé ara wọn. Ohun tí o bá ṣe kí orí rẹ̀ tó ṣí kò wúlò. Mo ti ṣe iṣẹ́ orí kẹta rí láìtíì parí orí kejì, gbogbo rẹ̀ sì di òfo. Ṣí i ní àkọ́kọ́, ra ọkọ̀ tí wọ́n bá bèèrè fún, kí o wá wò ó bóyá ọkọ̀ kan náà bá ìpele ìdíje kan mu. Bí ó bá bá a mu, eré tí o fi borí ìdíje náà lè parí orí kan fún ọ pẹ̀lú. Ojú ọ̀nà kan, ẹrù méjì.

Aya Olùkọ́ Mọ̀pà dáhùn:

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n wọn kò mẹ́nu ba Trial, eré ẹgbẹ́ orí ayélujára, èyí tí ó ní máàkì 10 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀yin mẹ́fà ni ẹ óò jọ bá àwọn Drivatar ìpele Unbeatable, èyí tí ó le jù, jà, kò sì sí ìdápadà sẹ́yìn níbẹ̀. Agogo mẹ́ta àbọ̀ ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni ìgbà máa ń yí padà ní àkókò tiwa. Èmi máa ń wọ Trial ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, nítorí àwọn ọ̀jáfáfá pọ̀ nígbà náà. Bí ó bá fi di Ọjọ́rú, ènìyàn díẹ̀ ni o óò bá níbẹ̀. Má ṣe kọlu ẹni tí ó wà níwájú rẹ, nítorí ẹgbẹ́ ni ó ń borí. Bí iná kò bá dá ọ lójú, má ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ rárá: iná ti lọ mọ́ mi lójú ní eré kejì rí, kí n tó fa jẹnẹrétọ̀ dìde, wọ́n ti parí.

Ẹ̀gbọ́n Ìsánlú dáhùn:

Ìyáwó wa, òótọ́ ni ẹ sọ, àmọ́ ẹni tí iná rẹ̀ kò ju wákàtí méjì lọ lè fi Trial sílẹ̀. Speed Trap (ibi tí wọ́n ti ń wọn ìyára ọkọ̀), Speed Zone (ojú ọ̀nà tí wọ́n ti ń wọn ìpíndọ́gba ìyára) àti Danger Sign (ibi tí ọkọ̀ ti ń fò sókè) ní máàkì 2 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ méje ní 7, wíwá ìṣúra ní 3, fọ́tò ní 2, EventLab (eré tí àwọn ẹlòmíràn tò) ní 3. Ẹ ro ó mọ́ 20 ti àkọ́kọ́, 41 ni.

Ọmọ Kabba dáhùn:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Mo ti pààrọ̀ táyà náà ní alẹ́ àná, mo sì borí ìdíje kan kí iná tó lọ. Speed Trap ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́ òní.