Ìdílé ẹ̀gbọ́n mi kó láti Leeds lọ sí Perth, ara wọn ò tíì balẹ̀ níbẹ̀, kí la lè ṣe?

Àbúrò_Tánkẹ̀

Àsàlámù aleikum, ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé Ìlú Ọba rí kẹ́ ẹ tó kó lọ sí Ọsirélíà ni mò ń wá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àtìyàwó ẹ̀ ti pẹ́ gan-an ní Leeds, ibẹ̀ ni wọ́n bí àwọn ọmọ wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí, pásípọ́ọ̀tù Ìlú Ọba ni gbogbo wọn ń lò báyìí. Nọ́ọ̀sì nìyàwó ẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀ yẹn ni wọ́n fi rí físà tí wọ́n á fi máa gbé Ọsirélíà títí, ni wọ́n bá ta ilé, wọ́n kó dé Perth lóṣù Kejì ọdún yìí. Inú gbogbo wa dùn, wọ́n ní owó nọ́ọ̀sì dáa níbẹ̀, oòrùn wà, òkun ò jìnnà sílé.

Àmọ́ látìgbà tí wọ́n ti débẹ̀, nǹkan ò rí bá a ṣe rò ó. Ọmọbìnrin wọn àgbà, ọmọ ọdún 14, tó bá ti ti ilé ìwé dé kì í jáde ní yàrá mọ́, ó ní òun fẹ́ padà sí Leeds lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ òun. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi náà, tá a bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹkún ni. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra ẹ̀, oníṣẹ́ iná ni, ó ti ń dá ṣiṣẹ́ ara ẹ̀ ní Leeds, wọ́n ní kò lè dá fọwọ́ kan wáyà níbẹ̀ àfi tó bá gba láísẹ́ǹsì tiwọn, abẹ́ ẹlòmíì ló wà báyìí. Mọ̀mí wa tó wà ní Adétá, n'Ílọrin, ò rí oorun sùn mọ́. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ṣebí ọ̀dọ̀ òyìnbó ni wọ́n ti gbéra, ọ̀dọ̀ òyìnbó náà ni wọ́n lọ, èdè kan náà, ọba kan náà, kí ló wá ń pa wọ́n lẹ́kún. Wọ́n ní kí wọ́n yáa padà sí Leeds kọ́rọ̀ tó bàjẹ́ jù báyìí lọ.

Ṣé bó ṣe máa ń rí fáwọn tó bá ti Ìlú Ọba lọ nìyí? Ṣé ó máa ń tán? Kí ló yẹ kí àwa tá a wà nílé máa bá wọn sọ, torí tá a bá pè wọ́n lẹ́yìn ìrun ìṣáì wọn kì í gbé e, tí wọ́n bá sì pe tiwa, ibi iṣẹ́ la máa ń wà.

Nọ́ọ̀sì_Ọmọ_Ọ̀ffà

Wàálékúmù sàlámù, ẹ kú àníyàn o. Perth ni mo wà, apá àríwá ìlú, lágbègbè Joondalup, Birmingham la ti kó wá tọmọtọmọ. Ẹ bá mi sọ fún mọ̀mí pé àìmoore kọ́ ló ń ṣe ọmọ yẹn o. Ìlú òyìnbó ò rí bákan náà rárá. Bí Adétá ṣe jẹ́ sí mọ̀mí ni Leeds ṣe jẹ́ sí i, ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ làwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ jẹ́léósinmi wà. Àwa tá a ti Ọ̀ffà tàbí Ìlọrin lọ Ìlú Ọba, a ti fi ilé sílẹ̀ rí, a mọ bó ṣe ń dunni, a sì mọ̀ pé èèyàn ń là á já. Ọmọ yẹn ò fi ilé sílẹ̀ rí, ìgbà àkọ́kọ́ ẹ̀ nìyí, òun kọ́ ló sì mú un.

Àwọn òyìnbó gan-an ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí mọ̀mí gbọ́ yẹn. Àdúgbò wa yìí kún fún ará Íńgílándì, tẹ́ ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù ohùn wọn lẹ ó máa gbọ́. Nínú ìkànìyàn ọdún 2021, àwọn tí wọ́n bí ní Íńgílándì tó ń gbé Ọsirélíà lé ní 900,000, kò sí orílẹ̀-èdè òkèèrè míì tó ní èèyàn tó wọn níbí lọ́dún yẹn. Aládùúgbò mi kan, òyìnbó ará Liverpool, obìnrin tó lágbára dáadáa ni, Kérésì àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe níbí, ooru mú gan-an torí oṣù Kejìlá ni ẹ̀ẹ̀rùn ibí, gbogbo èèyàn ń yan ẹran lẹ́yìnkùlé, ló bá lọ jókòó sínú mọ́tò ó ń sunkún pé ìyá òun dá wà nílé. Oòrùn àti owó iṣẹ́ tó dáa ni wọ́n bá wá, wọ́n sì rí i, ṣùgbọ́n ìyá àgbà ò sí nítòsí tó máa bá wọn mú ọmọ nílé ìwé, kò sílé ẹbí tí wọ́n lè yà sí lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ìyẹn ló ń dun èèyàn jù, kì í ṣe ejò àti aláǹtakùn tí gbogbo ayé fi ń dẹ́rù ba ara wọn.

Òtútù náà wà ńbẹ̀. Láti oṣù Kẹfà dé ìkẹjọ, òtútù ni lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ti sọ fún wọn ní Leeds pé ibi oòrùn ni wọ́n ń lọ, wọn ò sọ fún wọn pé ọ̀pọ̀ ilé ibí ni kò ní ẹ̀rọ tó ń mú gbogbo yàrá gbóná bí ilé Íńgílándì ṣe ní, gíláàsì fèrèsé ò nípọn, tílẹ̀ bá ṣú tán inú ilé á tutù bíi kó o sùn pẹ̀lú kóòtù. Kí wọ́n ra hítà kékeré sí yàrá ọmọ yẹn, ẹ má rò pé nǹkan kékeré ni.

Ọ̀rọ̀ ilé ìwé wá. Ní Íńgílándì, oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n ń wọ kíláàsì tuntun, níbí ìparí oṣù Kìíní tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì ni, wọ́n á parí ẹ̀ lóṣù Kejìlá. Kíláàsì keje ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sẹ́kọ́ńdìrì ní Perth, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti jọ wà pọ̀ láti bí ọdún méjì, oníkálukú ti ní ẹni tó ń bá jẹun. Ibi tí mo ti rí i pé ọmọ tètè ń rí ẹni bá rìn ni ẹgbẹ́ eré ìdárayá, nẹ́tíbọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù, ohunkóhun tó bá fẹ́ràn, ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín náà á máa bá àwọn ìyá yòókù dúró létí pápá láràárọ̀ Sátidé, ibẹ̀ lèmi náà ti rí èèyàn. Àwọn kékeré ò ní pẹ́ mọ́ra, kí wọ́n ṣáà má gbàgbé fìlà, ọ̀pọ̀ ilé ìwé níbí ni kò ní jẹ́ kí ọmọ tí ò dé fìlà ṣeré nínú oòrùn, kí wọ́n sì máa pa ìpara oòrùn, aláwọ̀ dúdú náà ń pa á.

Ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé lóòótọ́ ni Medicare, ètò ìlera ìjọba Ọsirélíà, wà, ṣùgbọ́n kò rí bíi ti Ìlú Ọba pátápátá, ọ̀pọ̀ dókítà àdúgbò ló máa ń gba àfikún owó, Medicare ò sì san owó áńbúláǹsì. Kó lọ ra ìṣedúró (ínṣọ́ránsì) áńbúláǹsì, kó má dúró dìgbà tí bílì bá dé.

Wákàtí méje ni Perth fi ṣáájú Nàìjíríà. Tẹ́ ẹ bá kírun ìṣáì tán láago mẹ́jọ alẹ́, aago mẹ́ta òru ni lọ́dọ̀ wọn, oorun ni wọ́n ń sùn. Kí mọ̀mí pè láago mẹ́jọ àárọ̀, aago mẹ́ta ọ̀sán nìyẹn, ọmọ yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde nílé ìwé. Kí wọ́n pe òun gan-an, kí wọ́n bi í lórúkọ àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ti Leeds, kí wọ́n jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má dárúkọ pé kí wọ́n padà o, ìyẹn máa dá ìjà sílẹ̀ láàárín tọkọtaya.

Bàbá_Òmù-Àrán

Ẹ kú ìjíròrò ẹ̀yin ọmọ mi. Nígbà tí mo wà ní London, tí mò ń kàwé tí mo sì ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ó máa ń yà mí lẹ́nu báwọn òyìnbó tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ṣe ń dágbére lọ́kọ̀ọ̀kan pé Ọsirélíà yá. Pọ́n-ùn 10 péré ni àgbàlagbà ń san, ọmọdé ò san nǹkan kan, ìjọba ló ń gbé ìyókù owó ọkọ̀ ojú omi torí Ọsirélíà ń wá èèyàn lẹ́yìn ogun Hitler. Èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan ló bá ètò yẹn lọ kó tó kásẹ̀ nílẹ̀. Àdéhùn ibẹ̀ ni pé o gbọ́dọ̀ lo ọdún 2, tó o bá fẹ́ padà kó tó pé, wàá san owó tí wọ́n fi gbé ẹ lọ padà, wàá tún fi tìẹ wọkọ̀ bọ̀. Ọ̀pọ̀ ìdílé débẹ̀ tí wọ́n kó wọn sínú ahéré onípáànù tí wọ́n ti kọ́ fún ṣọ́jà, yàrá ìjẹun kan náà ni gbogbo wọn ti ń jẹun, ẹran àgùntàn lónìí, ẹran àgùntàn lọ́la. Àwọn obìnrin sunkún nígbà yẹn náà. Tá a bá pín wọn sọ́nà mẹ́rin, nǹkan bí ìdá kan ló padà sí Íńgílándì, àwọn kan tó padà wá rí i pé Íńgílándì tí wọ́n ń ṣàárò ti yí padà lẹ́yìn wọn, ni wọ́n bá tún kó ẹrù wọn, ó di Ọsirélíà lẹ́ẹ̀kejì.

Ọmọ ọdún mẹ́rin kan wà nínú wọn tí àyà ń dùn, dókítà ní kí wọ́n gbé e lọ síbi tó gbóná, àwọn òbí ẹ̀ gbé e láti Wales lọ sí Adelaide lọ́dún 1966. Julia Gillard ni, òun ló di olórí ìjọba Ọsirélíà lọ́dún 2010. Ẹ ka èyí sí mọ̀mí yín létí.

Kí n sọ eléyìí náà. Àwa aláwọ̀ dúdú tá a wà ní London nígbà yẹn, bá a tilẹ̀ ní pọ́n-ùn 10 lọ́wọ́, wọn ò ní gbà wá. Òfin wọn ò fẹ́ ẹni tí kì í ṣe òyìnbó, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń tú u, ọdún 1973 ni ìjọba Whitlam, olórí ìjọba Ọsirélíà nígbà yẹn, palẹ̀ ìyókù ẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn nígbà tí mo kà pé ọmọ Ìlọrin ló lọ fi iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ gba físà ibẹ̀. Ọkọ̀ wíwà ò ní yọ ẹ̀gbọ́n yín lẹ́nu, ọwọ́ òsì ni wọ́n ń wà bíi ti Leeds, bí àwa náà ṣe ń wà á ní Nàìjíríà kí wọ́n tó yí wa sọ́wọ́ ọ̀tún lóṣù Kẹrin 1972. Nǹkan kan tó yẹ kó mọ̀ fún ọjọ́ iwájú ni pé owó ìfẹ̀yìntì ìjọba Ìlú Ọba, tẹ́nì kan bá ń gbà á ní Ọsirélíà, iye tó bá bẹ̀rẹ̀ ni yóò máa jẹ́, wọn kì í fi kún un lọ́dọọdún bíi ti àwọn tó wà nílé. Ó ṣì jìnnà sí wọn.

Ìyá_Ìbejì_Ìgbàjà

Bàbá, ẹ kú ìrántí, ẹ ó pẹ́ fún wa. Àǹtí nọ́ọ̀sì, mo gba gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ, àfi èyí tẹ́ ẹ ní kí wọ́n má dárúkọ ìpadà. Àwa gbé Melbourne, a sì padà sí Manchester nígbà tí ara ìyá ọkọ mi ò yá, ó tu gbogbo wa lára. Ìtìjú kankan ò sí ńbẹ̀. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí ọmọ ọdún 14 máa rò pé wọ́n ti tilẹ̀kùn mọ́ òun. Kí bàbá àtìyá ẹ̀ jókòó tì í, kí wọ́n dá ìgbà fún un, kí wọ́n ní tó bá di ìgbà báyìí a ó jọ tún ọ̀rọ̀ yìí sọ, ohùn tìẹ náà á sì wà ńbẹ̀. Tó bá dìgbà yẹn kí wọ́n sọ ọ́ lóòótọ́.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣírò ọjọ́ orí ẹ̀ dáadáa, ibi tí ọ̀pọ̀ òbí kì í wò nìyí. Ní Íńgílándì, pásípọ́ọ̀tù nìkan ò tó láti san owó yunifásítì tí ọmọ ilé ń san, wọ́n máa wò ó bóyá ó ti ń gbé ní Ìlú Ọba fún ọdún 3 kó tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, tí kò bá rí bẹ́ẹ̀ owó àlejò ni wọ́n lè bu lé e, owó ẹ̀yáwó ìjọba náà á sì nira fún un láti rí. Ní Ọsirélíà ẹ̀wẹ̀, ẹni tó ní físà àyérayé máa ń san owó onílé, àmọ́ púpọ̀ nínú wọn ò lè yá owó ìjọba láti fi kàwé àfi tí wọ́n bá ti di ọmọ ìlú, ìyẹn sì ń gba ọdún 4 kí èèyàn tó lè béèrè fún un. Ẹ wá wò ó, ọmọ ọdún 14 ni, ọdún 4 sí i ó di 18, ìgbà tó máa wọ yunifásítì gan-an. Tí wọ́n bá máa padà nítorí tiẹ̀, kí wọ́n padà nígbà tó bá ṣì wà nítòsí 15. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ó sàn kí wọ́n dúró gba ìwé ọmọ ìlú kó lè ní ti ibi méjèèjì lọ́wọ́, torí Ìlú Ọba àti Ọsirélíà gbà kéèyàn ní méjèèjì pọ̀. Ẹni tó bá lọ láàárín, bí ọmọ bá jẹ́ 16 tàbí 17, lè ṣòfò níbi méjèèjì. Físà tí wọ́n ní yẹn náà, ọdún 5 ni wọ́n fi lè máa jáde máa wọlé, tó bá tán tí wọn ò tíì gba ìwé ọmọ ìlú, wọ́n á tún gba èyí tí wọ́n á fi padà wọlé.

Àbúrò_Tánkẹ̀

Ọlọ́run á san gbogbo yín lẹ́san, bàbá ẹ ṣeun gan-an, mo ti ka ti Julia Gillard fún mọ̀mí, wọ́n ní kí n tún un kà. Ti ọjọ́ orí yẹn, mo ti fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi báyìí, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún wọn rí. Àǹtí nọ́ọ̀sì, mọ̀mí ní ẹnì kan ní Fáté ń lọ sí Perth lóṣù tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ fi ẹ̀lùbọ́, kílíṣí àti wàrà díndín rán an. Ṣé kò sí wàhálà? Ti láísẹ́ǹsì iná yẹn ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì_Ọmọ_Ọ̀ffà

Ha, ẹ dákun ẹ tètè dá mọ̀mí dúró! Kílíṣí àti wàrà láti Nàìjíríà ò gbọ́dọ̀ wọ ibí, wọn ò fẹ́ kí àrùn ẹran ọ̀sìn wọlé. Ajá tó ń gbóòórùn ẹrù wà ní pápákọ̀ òfurufú, tí ẹni yẹn ò bá sì kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù, owó ìtanràn ńlá ni, wọ́n tilẹ̀ lè fagi lé físà ẹlòmíì. Àwọn ará Íńgílándì tó ń kó ẹrù wọn gba orí omi wá gan-an, kẹ̀kẹ́ ọmọ àti bàtà tí ẹrẹ̀ wà lára ẹ̀, wọ́n á dá a dúró. Ẹ̀lùbọ́ kò nílò kí ẹnikẹ́ni gbé e, àwọn ṣọ́ọ̀bù ọmọ Áfíríkà wà ní Mirrabooka, wọ́n á rí i rà. Tí mọ̀mí bá fẹ́ fi nǹkan rán an, kí wọ́n fi aṣọ òfì rán an sí ọmọ yẹn, kí wọ́n ṣáà rí i pé ó mọ́ tónítóní.

Láísẹ́ǹsì iná, kì í ṣe òun nìkan ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí, gbogbo oníṣẹ́ iná tó ti Ìlú Ọba wá ló ń gba ibẹ̀ kọjá, torí òfin wáyà ibí yàtọ̀. Wọ́n á wo ìwé ẹ̀rí tó mú wá, á ka àfikún ẹ̀kọ́, á máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹni tó ní láísẹ́ǹsì títí wọ́n á fi fún un ní tiẹ̀. Ọkọ aládùúgbò mi ará Liverpool tí mo sọ yẹn, iṣẹ́ iná lòun náà ń ṣe, ó ti parí gbogbo ẹ̀, òun náà ti ń gba èèyàn síṣẹ́ báyìí. Kí ẹ̀gbọ́n yín kọ sí mi ní ìkọ̀kọ̀ níbí, màá so wọ́n pọ̀ lọ́sẹ̀ yìí.