Orin ni kí wọ́n fún ní máàkì, kí wọ́n fi ọmọ sílẹ̀

Ìyá Akọrin, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ ìdíje orin àwọn ọmọdé lórí tẹlifíṣọ̀n tí ẹ ń sọ láti àná yìí, bóyá ó dára fún ọmọ tàbí kò dára, kàn mí gbọ̀ngbọ̀n, nítorí èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké lórin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa.

Ọmọdébìnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ akọrin mi, ọmọ ọdún 7. Bí ó bá lé orin, àwọn àgbà á dákẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Àwọn òbí rẹ̀ mú un lọ sí ìdíje kan l'Ékòó tí wọ́n ń gbé sáfẹ́fẹ́ jákèjádò Nàìjíríà. Ó kọrin dáadáa, ṣùgbọ́n wọn ò mú un. Ìyẹn kọ́ ló dùn mí; ìdíje ni, ẹnì kan á wọlé, ẹnì kan á jáde. Ohun tó dùn mí ni pé ojú ọmọ náà ni àgbàlagbà ti sọ pé ohùn rẹ̀ tín-ín-rín jù, wọn ò sì gbé kámẹ́rà kúrò lójú rẹ̀ títí omijé fi dé. Gbogbo àdúgbò ló wò ó. Nígbà tó padà sọ́dọ̀ wa, ó ń wá kọ́ orin lóòótọ́, kì í pẹ́ dé, àmọ́ kò la ẹnu. Á kàn dúró láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, á máa wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Bologna, ní Ítálì, ni mo ro ẹjọ́ yìí fún lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ti àwọn ará ibí ò rí bẹ́ẹ̀ o." Ẹnu rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa Zecchino d'Oro, ìdíje orin àwọn ọmọdé tiwọn. Cino Tortorella ló dá a sílẹ̀ ní Milan lọ́dún 1959. Lọ́dún 1961 ni wọ́n gbé e wá sí Bologna, sí Antoniano, ilé àwọn fáda Franciscan. RAI, tẹlifíṣọ̀n ìjọba wọn, ló ń fi í hàn. Àwọn ọmọdé ló ń kọrin, ṣùgbọ́n àgbà ló ń ṣe orin náà tó ń fi ránṣẹ́, orin yẹn gan-an ni wọ́n sì ń fún ní máàkì. Bí orin bá gbégbá orókè, ẹni tó ṣe é ló ni ẹ̀bùn. Bí kò bá rí mú, kò sí ọmọ tó pàdánù ohunkóhun. Àwọn tó ń fún un ní máàkì ńkọ́? Ọmọdé náà ló pọ̀ jù nínú wọn!

Ẹ ò rí ọgbọ́n inú rẹ̀? Ọmọ ọdún 7 ò mọ ìyàtọ̀ láàárín "orin rẹ ò wọlé" àti "ìwọ ò wọlé".

Orin tó gba ipò kìíní níbẹ̀ lọ́dún 1968 dá lórí ológbò 44 tí wọ́n tò ní mẹ́fà-mẹ́fà, tó wá ku méjì. Ìṣirò ni wọ́n fi ń ṣeré yẹn! Láti ọdún 1963 tí Mariele Ventre ti dá ẹgbẹ́ akọrin ọmọdé sílẹ̀ níbẹ̀, àwọn ni wọ́n ń gbe orin lẹ́yìn ẹni tó bá ń lé e. Lílé àti ègbè, ṣé ohun tó yẹ kí ẹnikẹ́ni wá kọ́ wa nìyẹn?

A gbé ètò pé orin ni kí wọ́n fún ní máàkì yìí wọ ìkórè àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ẹgbẹ́ ìyá, ẹgbẹ́ bàbá, àwọn ọ̀dọ́, a ní kí kálukú mú orin tuntun wá, èdè Ìjẹ̀bú ni kí wọ́n sì fi ṣe é. Bàbá télọ̀ kan, tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò mọ̀ pé ó ń dá orin, mú orin Ojúde Ọba wá, pẹ̀lú ẹṣin, ìlù, àti àwọn regbérégbé tó ń jáde lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ọmọ yẹn ni mo ní kó lé e. Ó wò mí. Mo ní bàbá télọ̀ ni wọ́n máa fún ní máàkì, kì í ṣe ìwọ. Ó rọra bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí ègbè wọlé ló gbé ohùn sókè. Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì míì tí a pè láti wá fún orin ní máàkì ò fún bàbá télọ̀ ní ipò kìíní, inú bí i díẹ̀, ó ń béèrè ohun tí wọ́n rí. Ọmọ náà ti bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ jẹ ìrẹsì.

Bàbá Ìbejì, Ṣágámù

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun, mà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọ tèmi. Òun fúnra rẹ̀ ló ní òun fẹ́ lọ. Ìtàn Amarachi Uyanne ló gbọ́, ọmọ ọdún 8 tó fi ijó gba ìdíje Nigeria's Got Talent lọ́dún 2012, tí wọ́n fún ní mílíọ̀nù 10 náírà. Kò jẹ́ ká sinmi mọ́. Níbi tí a lọ, kò wọlé. Àmọ́ obìnrin tó fún wọn ní máàkì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n pa kámẹ́rà, ó sọ ohun kan tó ṣe dáadáa fún un àti ohun kan tó kù kó kọ́. Ó ṣì ń kọrin títí dòní. Lójú tèmi, ẹnu àgbà ló ń ba ọmọ jẹ́, kì í ṣe máàkì.

Tíṣà, Ìpẹ́rù

Ní Dẹ́ńmáàkì, láti ọdún 2000 tí tẹlifíṣọ̀n DR ti ń ṣe MGP, ìdíje orin àwọn ọmọdé, àwọn ọmọ fúnra wọn ló ń ṣe orin tí wọ́n ń kọ. Mo dán an wò ní kíláàsì mi. Ọ̀kan kọrin nípa iná tí wọ́n mú lọ nígbà tí bọ́ọ̀lù ń lọ lọ́wọ́. Ọ̀kan kọrin nípa ìyá àgbà rẹ̀ tó ń rin ewùrà fún ìkọ́kọrẹ́. Àgbà kan ò lè ronú kan irú rẹ̀.

Ìyá Akọrin, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ wo ni ìkórè ti ọdún yìí? Mo fẹ́ kó àwọn ọmọ wá fún orin ní máàkì, kí àwọn méjì yìí sì mú orin tiwọn wá.